Aṣọ Tí Ìyá Ṣẹ́ Sínú

Télọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Kòlékòdín. Orúkọ náà kì í ṣe oríyìn. Bí o bá gbé aṣọ lọ fún un, yóò fi téèpù wọ̀n ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, yóò fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri, yóò sì gé e bó ṣe wọ̀n ọ́ gẹ́lẹ́. Kò ní lé. Kò ní dín. Bí o bá jẹun yó kí o tó wá gba aṣọ náà, ọ̀ràn tìrẹ nìyẹn.

Ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ìyá ló ni ṣọ́ọ̀bù: yàrá kan tó kọjú sí títì, ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, tábìlì gígùn kan tí wọ́n fi pákó ti ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, àti dígí tó ti sán ní igun. Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti jókòó láti ọjọ́ tó ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Ìwé kò wọ̀ ọ́ lórí. Abẹ́rẹ́ ló mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí ìyá fi kọ́ ọ ni pé aṣọ kì í parí síbi tí ojú rírán parí sí.

"Fi ìka méjì sílẹ̀," ni wọ́n máa ń wí. "Ìka méjì lọ́tùn-ún, ìka méjì lósì. Tó bá jẹ́ ti ọmọdé, ìka mẹ́rin nísàlẹ̀. Ṣẹ́ ẹ sínú kí ẹnikẹ́ni má rí i. Àgbà á sanra, ọmọ á ga. Ọjọ́ tí wọ́n bá nílò rẹ̀, wọ́n á tú u, wọ́n á bá a níbẹ̀." Wọ́n á wá rẹ́rìn-ín. "Bí Ọlọ́run ṣe ń ṣe fún wa nìyẹn. Kì í fi téèpù wọn ìfẹ́. Ó máa ń ṣẹ́ nǹkan sínú de ọ̀la."

Ìyá gba ìfẹ́ Ọlọ́run gbọ́ bí èèyàn ṣe gbà pé ilẹ̀ á mọ́. Láràárọ̀, kí wọ́n tó ṣí aṣọ tó bo ẹ̀rọ, wọ́n á gbọ́wọ́ lé e, wọ́n á ní, "Bàbá, kí lẹ ní fún wa lónìí?" Bí ọmọ tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé, tó ń wo àpò ọwọ́ bàbá. Láti ìgbà yẹn títí di alẹ́, wọ́n á máa wá a kiri. Bí oníbàárà bá tètè wá, wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i?" Bí abẹ́rẹ́ tó sọnù bá yọjú, "Ẹ ò rí i?" Bí iná bá dé, "Ẹ ò rí i?"

"Màmá, ìjọba ló dá iná padà o."

"Ta ló wá fi sí ìjọba lọ́kàn?"

Kò sí bí èèyàn ṣe lè bá wọn jiyàn rẹ̀.

Àìsàn wá mú ìyá. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ wọ́n, bí kòkòrò ṣe ń jẹ aṣọ nínú àpótí. Wọ́n ní kaba aláwọ̀ búlúù kan tí wọ́n fúnra wọn rán, òun ni wọ́n ń wọ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n ṣe ń rù ni kaba ń fẹ̀. Wọ́n ní kí ọmọ bá àwọn gbà á sínú. Ó gbà á. Oṣù méjì kọjá, ó tún gbà á. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, aṣọ tó ti ká sínú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nípọn bí ìrọ̀rí. Ó mú sìsọ́ọ̀sì.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n gé e. Ó ti pọ̀ jù. Ó ń ha yín lára."

Ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ wọn gbóná. "Má gé e. Màá tún sanra."

Ẹ̀ẹ̀kẹrin, ọwọ́ ni wọ́n fi rán an fúnra wọn, lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ọmọ náà retí. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò retí. Ó gbààwẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ. Ó sọ ohun tó ń fẹ́ fún Ọlọ́run ní ṣókí, kó má baà rú Ọlọ́run lójú. Láràárọ̀ tó bá wọ yàrá ìyá, ọrùn ọwọ́ wọn ló máa kọ́kọ́ wò, bóyá ẹran ti ń padà síbẹ̀.

Ìyá kú lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan.

Lọ́jọ́ tó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ṣòkòtò ọkùnrin kan ló kọ́kọ́ gé. Nígbà tí sìsọ́ọ̀sì dé ibi tó yẹ kó ya fún ìka méjì, kò yà. Ó gé e lọ tààrà. Ta ló mọ ọ̀la? Láti ọjọ́ náà ni kò ti fi nǹkan kan sílẹ̀ mọ́. Kò pẹ́ tí àdúgbò fi fún un lórúkọ.

Kò fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ o. Ó ń kúnlẹ̀ láràárọ̀. Ó kàn jẹ́ pé kò tọrọ nǹkan mọ́ ni. Ó ń dúpẹ́ bí òṣìṣẹ́ ṣe ń fọwọ́ sí ìwé pé òun ti dé. Bí pásítọ̀ bá ní kí kálukú sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún Olúwa, òun á máa ka bọ́tìnì ẹ̀yìn aṣọ obìnrin tó wà níwájú rẹ̀. Kò bínú sí Ọlọ́run, lójú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò se oúnjẹ de àlejò, àlejò tí kò wá kò lè dùn ún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn, tí Ìyá Ìbejì fi wọlé ní ọjọ́ kejì tí ilé ìwé wọlé, tó ń wọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ méjì lọ́wọ́.

"Kòlékòdín dà? Jáde síta kí o wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ!"

Aṣọ ilé ìwé ni. Ó ti rán an kí wọ́n tó gba ìsinmi gígùn. Apá aṣọ ti dúró sí ààrin ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́. Etí rẹ̀ ti sá kúrò lórí orúnkún.

"Ẹ ní kí n wọ̀n wọ́n, mà. Mo wọ̀n wọ́n."

"Ó wọ̀n wọ́n! Ọmọ ni wọ́n, wọn kì í ṣe ògiri! Ó dáa, tú etí rẹ̀, kí o sọ ọ́ kalẹ̀."

Ó kúnlẹ̀, ó yí etí aṣọ síta. Ìbú èékánná ọwọ́ kan ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Kò sí nǹkan nínú ẹ̀, mà."

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa etí aṣọ náà. "Ìyá rẹ ló rán ti ẹ̀gbọ́n wọn," ó wí jẹ́ẹ́. "Ọdún mẹ́ta ló fi wọ̀ ọ́." Ó yí padà. Kí wọ́n tó jáde, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà bojú wẹ̀yìn. "Ẹ má bínú, bùọ̀dá. A ò mọ̀ọ́mọ̀ ga."

Bàbá Oníbàtà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Abẹ́ òrùlé iwájú ṣọ́ọ̀bù náà ni wọ́n ti ń tún bàtà ṣe, láti ìgbà tí wọn kò tíì bí télọ̀ yìí. Etí wọn kò sì di.

"Kòlékòdín."

"Bàbá."

"Ṣé o mọ oníṣẹ́ ọwọ́ kan ṣoṣo tí kì í fi àyè sílẹ̀ pé èèyàn á dàgbà?"

"Rárá, bàbá."

"Káfíńtà tó ń kan pósí."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gbé wọn lọ díẹ̀ kí wọ́n tó rí ojú ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Wọ́n gbé bàtà ọwọ́ wọn sílẹ̀. "Ẹnu mi ti yá jù. Má bínú, ọmọ mi."

"Bàbá, mo retí. Ẹ mọ̀ pé mo retí. Kí ló wá dé?"

Bàbá mi orí. "Mi ò mọ̀. Bí mo bá sọ pé mo mọ̀, irọ́ ni mo pa. Bàtà ni mo mọ̀. Ẹni tí ẹ̀gún gún, tó wá ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rìn kó má baà tún gún un, mo ti rí bàtà irú wọn. Ẹ̀gbẹ́ kan ni í kọ́kọ́ jẹ. Tó bá yá, ìbàdí ni wàá gbọ́ pé ó ń dùn wọ́n, ẹ̀gún sì ti kúrò tipẹ́." Wọ́n gbé bàtà padà. "Mi ò sọ̀rọ̀ mọ́."

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá. Àwọn méjèèjì péré ni ìyá bí. Awakọ̀ akẹ́rù ni ọkọ ẹ̀gbọ́n yìí, kì í sábà sí nílé. Oyún oṣù méje wà nínú obìnrin náà. Ẹ̀kẹta nìyẹn. Ti àkọ́kọ́ bọ́ lóṣù karùn-ún. Ti èkejì pé oṣù, wọ́n bí i, ṣùgbọ́n kò ké.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jókòó sórí àga yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì."

"Jẹ́ ká jọ máa mì. Èmi náà ò dúró dáadáa." Ó jókòó. Ó mí. Ó fa nǹkan kan yọ nínú ọ̀rá tó gbé wá. Kó tó fà á tán ni télọ̀ ti mọ ohun tó jẹ́. Kaba ìyá ni.

"Mo fẹ́ kí o fi rán aṣọ fún un."

"Fún ta?"

"Fún ọba. Ta lo rò?" Ó gbá ikùn rẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ó wo kaba náà, kò fọwọ́ kàn án. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kó dé ná. Tó bá ti dé, ọjọ́ kan ni màá fi rán an."

"Tó bá dé."

"Mi ò ro ibi o."

"Mo mọ̀ pé o ò ro ibi. O ò ro rere náà ni." Kò fi ìbínú sọ ọ́. "Gbọ́, àbúrò mi. Ẹ̀rù ń ba èmi gan-an ju bó ṣe ń bà ọ́ lọ. Àwọn méjì tó lọ, mi ò ra nǹkan kan dè wọ́n. Mi ò bá wọn sọ̀rọ̀. Mo ní kí n dúró ná, kó má baà dùn mí jù. Ṣé o mọ̀ pé dídúró náà ò dín ẹkún kù? Bákan náà ni mo sunkún. Ohun tó kàn kù nínú ọkàn mi ni pé wọ́n wà lọ́dọ̀ mi fún gbogbo oṣù yẹn, mi ò sì fẹ́ wọn bó ṣe yẹ kí n fẹ́ wọn. Mi ò fẹ́ kí eléyìí wá bá ilé tí ẹnì kankan ò ti retí ẹ̀. Bí Màmá bá wà, wọn ì bá ti rán mẹ́fà."

"Màmá tún ní àwọn máa sanra."

Ọ̀rọ̀ bọ́. Ẹyin ni, kò ṣeé kó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọwọ́ pa kaba náà.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó wí. "Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀." Ó di tábìlì mú, ó dìde. "Kaba nìyí. Tí o ò bá lè rán an, má gé e. Gbé e pa mọ́ fún mi." Ó lọ.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kaba fi kọ́ sára ìṣó. Bí ó bá ń rán aṣọ, kaba ń wò ó lẹ́yìn. Lọ́jọ́ kẹwàá òjò rọ̀ láti òwúrọ̀, oníbàárà kankan kò wá, Bàbá Oníbàtà pàápàá kò jáde. Èrò kan sọ sí i lọ́kàn. Òun á tú kaba náà, òun á fi han ẹ̀gbọ́n òun pé aṣọ rẹ̀ ti gbó, iwájú rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, kò lè di aṣọ ọmọ tuntun. Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀ láìsí ìjà.

Ó mú réésà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́.

Èyí tó kẹ́yìn ló kọ́kọ́ kàn, èyí tí ìyá fọwọ́ rán. Ojú abẹ́rẹ́ kan gùn, òmíràn wọ́. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n ló rán an. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbọ̀n ọwọ́ nìkan. Ìránṣọ tí télọ̀ máa ń ṣe bí ó bá mọ̀ pé òun yóò tó tú u ni. Òwú náà kò tilẹ̀ jà, ó kàn tẹ̀lé e. Lábẹ́ rẹ̀ ni ti ẹ̀ẹ̀kẹta, òwú dúdú, nítorí búlúù ti tán lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà ti ẹ̀ẹ̀kejì. Ti àkọ́kọ́. Tirẹ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó tún ìgbésí ayé ìyá tú láti ẹ̀yìn wá síwájú, títí tó fi dé ibi tí ara wọ́n ti dá.

Ó wá ṣí ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà.

Ó ti gbàgbé pé kaba yìí rí báyìí rí. Oòrùn àti ọṣẹ ti fọ ìta rẹ̀ di eérú. Ṣùgbọ́n èyí tó ká sínú, oòrùn kò rí i mọ́ láti ìgbà tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀. Búlúù ni, búlúù tó dúdú, tó tutù lójú, bí ọjọ́ tí wọ́n gé e. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ti ọ̀tún. Ti òsì. Èyí tó wà ní ìsàlẹ̀, nítorí ìyá ti ṣẹ́ ìka mẹ́rin síbẹ̀ náà. Ó wọ̀n ọ́n. Ó tún un wọ̀n, Kòlékòdín ni. Ó tó aṣọ ọmọ tuntun kan àti fìlà. Ó tilẹ̀ ṣẹ́ kù.

Ó jókòó. Ẹkún tí kò sun níbi ìsìnkú, ó sun ún níbẹ̀, òjò sì bá a bò ó mọ́lẹ̀.

Kì í ṣe pé ohun gbogbo yé e. Ìyá ní àwọn á sanra, wọn kò sanra. Ẹnikẹ́ni kò sọ ìdí rẹ̀ fún un títí di òní. Ṣùgbọ́n àwọn ọjọ́ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí padà wá sọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn ọjọ́ àìsàn tó ti kó dànù lápapọ̀. Ó rántí òwúrọ̀ tó gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá, tí ìyá ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, tí wọ́n ní, "Ẹ ò rí i?" Ó rántí ọjọ́ tí ìrora dẹwọ́, tí wọ́n sùn di ọ̀sán. Wọ́n jí, wọ́n ní, "Ẹ ò rí i?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sùn ti ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́, Bàbá Oníbàtà ń bá wọn fi awọ rírọ̀ ṣe bàtà tí kò ní ha wọ́n. "Ẹ ò rí i?" Òun wà níbẹ̀. Kò rí i. Ọrùn ọwọ́ ló ń wò. Òun ń retí ẹran ara. Ìyá ń retí Ọlọ́run, Ọlọ́run sì ń wá lójoojúmọ́.

Ó nu ojú. Ó gbọ́wọ́ lé ẹ̀rọ, bí ìyá ṣe máa ń ṣe.

"Bàbá."

Ó ti pẹ́ tó ti tọrọ nǹkan. Ẹnu rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n sọ mọ́.

"Mo fẹ́ kí ọmọ náà yè. Mo fẹ́ ẹ gan-an. Ẹ̀rù ń bà mí láti sọ ọ́. Bó bá sì lọ bí mi ò ṣe fẹ́, ẹ má jẹ́ kí n tún pa ojú dé sí Yín."

Ó mú sìsọ́ọ̀sì. Nígbà tó dé ibi tó yẹ kó yà, ó yà.

Lọ́jọ́ kejì ó gbé aṣọ náà lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé e sókè lójú fèrèsé.

"Ṣé ọmọ ló fẹ́ wọ eléyìí àbí alàgbà ìjọ?"

"Ẹ yí inú rẹ̀ síta."

Ó yí i. Ìka rẹ̀ rìn lọ sí ìsàlẹ̀, ó dúró níbi tí aṣọ ti ká. Ó kà á, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. "O fi àyè sílẹ̀."

"Ó máa ga."

Ó fi aṣọ náà bo ikùn rẹ̀, ó dì í mú síbẹ̀. "Ìwọ, ṣé o gbọ́? Bùọ̀dá rẹ ní o máa ga." Ó wo àbúrò rẹ̀, omi wà lójú rẹ̀, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ ò rí i?" ó wí, pẹ̀lú ohùn ìyá gan-an. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí àga tí àbúrò jókòó lé, tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà ń mì, fi dún.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ó gbé téèpù lọ sílé Ìyá Ìbejì. Ó rán méjì tuntun fún àwọn ọmọ náà. Nígbà tí obìnrin náà wá gbà wọ́n, kò wo ojú aṣọ rárá, inú rẹ̀ ló kọ́kọ́ yí síta. Ó ní "Hẹn-ẹ́n," ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ gé kúrú. Ó ti ń rọbí. Ọkọ rẹ̀ ti ń gbé e lọ sílé ìwòsàn. Aṣọ búlúù wà nínú àpò. Kí àbúrò dúró sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á pè é.

Ó dúró. Ó gbọ́wọ́ lé ẹ̀rọ. "Bàbá, kí lẹ ní fún wa lónìí?" Ẹ̀rù ń bà á, kò sì fi pa mọ́ fún Ọlọ́run. Ó ṣí aṣọ ẹ̀rọ. Ó gbé ìyókù kaba ìyá sórí tábìlì, ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti di eérú ṣùgbọ́n tó ṣì le. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i.

Bàbá Oníbàtà bojú wọlé. "Ṣé wọ́n ti pè?"

"Wọn ò tíì pè, bàbá."

"Kí lò ń gé?"

"Ti ọmọ ọdún kan."

Bàbá dúró síbẹ̀. Wọ́n jáde, wọ́n gbé àpótí ìjókòó wọn, wọ́n gbé e wọlé wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, wọ́n jókòó. Wọn kò mú bàtà kankan lọ́wọ́. Fóònù wà láàárín àwọn méjèèjì.

"Fi àyè sílẹ̀ o," ni bàbá wí.

"Mo ti fi sílẹ̀, bàbá."